Owó ilé nìkan kọ́ ni owó ilé: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó gba yàrá fún ọmọ tó ń wọ yunifásítì

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá rí àyè wọ yunifásítì, ìdùnnú ló máa ń gba inú ilé kan. Àwọn ará àdúgbò á wá kí wọn kú oríire, ìyá ọmọ á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ máa gbé á ti dé, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè lọ yá a níbi iṣẹ́. Ní ti àwọn tó ń hun aṣọ òfì n'Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń kó iṣu àti àgbàdo kúrò ní Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, àtàwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá títì, inú owó tí wọ́n fi ń ra ọjà lowó náà ti máa jáde. Bí wọ́n bá yan ilé tí kò dáa, òwò á forí gbá a, ẹ̀kọ́ ọmọ náà á sì forí gbá a.

Ohun tá a fẹ́ sọ lónìí kò lọ títí: ẹ má ṣe fi iye tí onílé pè nìkan yan ilé. Oníṣòwò tó bá ra àpò àgbàdo mọ̀ pé iye tóun san lọ́jà kọ́ ni iye tí ọjà náà fi délé. Ó máa ń fi owó alábàárù, owó mọ́tò àti owó tíkẹ́ẹ̀tì kún un kó tó mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀. Irú ìṣirò yẹn gan-an ló yẹ kí òbí ṣe lórí yàrá tí ọmọ máa gbé ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìgboro

Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń gbé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wá ń pọ̀ sí i káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ibùsùn inú ọgbà kò tó wọn mọ́. Yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1990 jẹ́ àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa. Inú ìlú ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé, òun ló sì jẹ́ kí àdúgbò bí Under G, Adéníkẹ̀ẹ́ àti Stadium kún fún ilé akẹ́kọ̀ọ́, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni LAUTECH títí di ọdún 2020 tó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbé ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Ní Ṣakí, ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó dá dúró lọ́dún 2014, tí wọ́n sì ń pè é ní Òkè-Ògùn Polytechnic. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tá a ti ń gbọ́ n'Íbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa pátápátá.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bóyá ibùsùn wà fún ọmọ tuntun. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fi àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ṣáájú. Bí àyè bá wà, ẹ tètè gbà á. Kò sí owó ẹ́jẹ́ǹtì níbẹ̀, ọmọ kò sì ní í wọ ọ̀kadà kó tó dé kíláàsì. Bí kò bá sí, ìgbà yẹn lẹ tó máa wá ilé lọ sí ìgboro.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe é, kí kálukú wá fi iye tó ń lọ ládùúgbò tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní yàrá kan wà nítòsí ọgbà, tí onílé ní ₦150,000 lọ́dún. Òmíràn wà láàárín ìlú, ₦90,000 lowó tiẹ̀. Ojú tó bá kọ́kọ́ wò ó á sọ pé èyí tó wà láàárín ìlú ló dáa, torí ₦60,000 ló fi dín.

Ká wá fi owó ẹ́jẹ́ǹtì àti owó ìwé àdéhùn kún un. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá àkọ́kọ́ á di ₦180,000, èkejì á di ₦108,000. Ẹni tó wà nítòsí á fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì. Ẹni tó wà láàárín ìlú á wọ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bó bá jẹ́ ₦400 ni àlọ, tó jẹ́ ₦400 ni àbọ̀, ₦800 ni lójúmọ́. Ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 32 tí sáà ẹ̀kọ́ lè gbà, ₦128,000 nìyẹn. Bí kò bá sí omi nínú ilé náà, tí ọmọ ń ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ní ₦50 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16 tí ọ̀gbẹlẹ̀ fi mú, ₦16,800 tún nìyẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yàrá tí wọ́n ní kò wọ́n ti di ₦252,800, èyí tí wọ́n ní ó wọ́n sì dúró sórí ₦180,000. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ₦72,800. Kódà bí ọmọ kò bá ní kíláàsì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀, yàrá àárín ìlú ṣì máa gba ₦201,600. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú kéré.

A ò sọ pé gbogbo ilé tó wà nítòsí ọgbà ló dáa. Àwọn onílé kan mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ń sá lọ, wọ́n á sì bu owó lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tá à ń sọ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Bí ọmọ méjì bá sì jọ gba yàrá kan, ìnáwó kálukú á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé àdéhùn, káwọn òbí méjèèjì sì ti jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa san kí ni. Bí ọ̀kan bá kó jáde láàárín ọdún, èkejì ni onílé máa dojú kọ.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn kì í ṣe ilẹ̀ igbó. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, àpáta sì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ọ̀pọ̀ kànga á sì lọ sílẹ̀ tàbí kó gbẹ pátápátá. Ẹni tó bá lọ wo ilé nígbà òjò, gbogbo kànga ló máa rí omi nínú wọn. Torí náà, ẹ má ṣe béèrè bóyá kànga wà. Ẹ béèrè oṣù tó máa ń gbẹ. Ẹ má sì bi onílé nìkan, ẹ bi ayálégbé tó ti lo ọdún kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ìyá tó ń tajà níwájú ilé. Bó bá jẹ́ kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ní, ẹ béèrè ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi náà nígbà tí kò bá sí iná.

Lẹ́yìn omi, ẹ wo òrùlé. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ lágbègbè wa máa ń ṣí páànù. Ẹ wo bóyá wọ́n kan án dáadáa, kẹ́ ẹ sì wo àjà bóyá àmì omi wà lára rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé àti ògiri tó yí ilé ká. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ilé náà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ sì tún un rìn lálẹ́. Ọ̀nà tó dára lọ́sàn-án lè gba inú pápá kọjá, kó má sì sí iná kankan níbẹ̀ lálẹ́. Bó bá jẹ́ obìnrin ni ọmọ náà, ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Ní ti iná, ẹ béèrè bóyá yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní mítà tiẹ̀ tàbí gbogbo ilé ló ń dá owó pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń dá owó, ìjà kì í tán. Ẹni tó ń fi iná dáná àti ẹni tó ní gílóòbù kan ṣoṣo, iye kan náà ni wọ́n á ní kí wọ́n san.

Ta lẹ fẹ́ san owó fún?

Ní àsìkò tí àwọn ọmọ tuntun bá ń wọlé, àwọn oníjìbìtì náà máa ń jáde. Ẹnì kan lè gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta. Ẹlòmíràn á fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sórí fóònù, á ní kẹ́ ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ilé tẹ́ ẹ ò tíì fojú rí. Láti ìgbà tí ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, ti di títì tuntun lọ́dún 2021, kò sí ìdí tí òbí tó wà n'Íbàdàn fi máa gba ilé Ìsẹ́yìn lórí fóònù. Owó mọ́tò ọjọ́ kan kéré sí owó ilé ọdún kan.

Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí ẹbí rẹ̀ tí àdúgbò mọ̀. Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ béèrè ẹni tí ẹbí fún láṣẹ láti gba owó, torí wọ́n lè tún wá béèrè owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́, iye owó, nọ́mbà yàrá àti ọjọ́ tí owó náà máa parí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ san án sí báǹkì, kí ẹ̀rí wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ oníṣòwò mọ̀ pé ọjà tí kò ní rìsíìtì, wàhálà ló máa ń dá sílẹ̀.

Ọdún mélòó?

Onílé kan lè ní kẹ́ ẹ san owó ọdún méjì, kóun sì bá yín yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò tíì mọ ìlú, kò tíì mọ alábàágbé tó bá a mu, ó sì lè fẹ́ kúrò níbẹ̀ kó tó tó oṣù mẹ́fà. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-ẹ̀kọ́ lè tì pa nígbà tẹ́nikẹ́ni ò rò ó. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ìyẹn ASUU, lọ́dún 2022 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14, oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn ọmọ fi wà nílé, tí owó ilé tí wọ́n ti san sì ń jẹ lọ. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, bóyá ó lè gba sáà ẹ̀kọ́ dípò ọdún, tàbí kó fi oṣù díẹ̀ kún un bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Bó bá gbà, kó wà nínú ìwé.

Níbo lowó á ti wá?

Níbi tí òwò ti máa ń fara gbọgbẹ́ nìyí. Bí owó ilé bá bọ́ sí òpin ọdún, àsìkò náà gan-an ni oníṣọ́ọ̀bù nílò owó láti kó ọjà ọdún. Bí wọ́n bá yọ ₦180,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú òwò kékeré, ọjà ṣọ́ọ̀bù á gbẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ òun máa kọ ìdánwò JAMB lọ́dún tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ àjọ láti ìsinsìnyí. ₦600 lójúmọ́ fún 300 ọjọ́, ₦180,000 ni, kẹ́ ẹ sì rántí owó ọjọ́ kan tí alájọ máa ń gbà lóṣù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà dáa, torí èlé wọn kì í pọ̀ tó ti àwọn tó ń yáni lówó kíákíá. Ẹ sì lè bẹ onílé kó jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó bọ́ sí àsìkò tí owó ń wọlé fún yín, bí ìgbà tí kaṣú bá jáde fún ẹni tó ní oko kaṣú.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, kì í san owó ilé fún onílé. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá béèrè fún owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù ni ètò náà là kalẹ̀ fún un. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ọmọ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ má fi gbójú lé e pé òun ló máa san owó ilé àkọ́kọ́, torí onílé kì í dúró de ìjọba.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ló ní ilẹ̀ tàbí yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń rò láti fi ṣe ilé akẹ́kọ̀ọ́. Òwò gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí LAUTECH. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, ọ̀pọ̀ oṣù ni yunifásítì náà fi wà ní títì nítorí ọ̀rọ̀ owó láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì tó ni ín nígbà náà. Òwò tó bá gbára lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ló máa ń mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, ẹ má fi gbogbo owó yín kọ́lé lórí ẹ̀yáwó. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà tó ń dán, torí ọmọ tí kò rí omi lóṣù kẹta á kó jáde, á sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ìwé àti bírò dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ wo ilé. Ẹ kọ owó yàrá, owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó ọkọ̀, owó omi àti owó iná sílẹ̀ fún ilé mẹ́ta, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó san fún ọ̀kan. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ná ọjà kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ má tijú láti ná ilé náà.