Ǹjẹ́ Ẹgbẹ́ Gómìnà Tí Ará Ìlú Kọ̀ Lè Di Ìpínlẹ̀ Mú? Àyẹ̀wò Kansas, Oklahoma àti Kentucky

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: bí ará ìlú bá ti kórìíra gómìnà, ṣé dandan ni kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ìpínlẹ̀ tí ó ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́? Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ni a óò fi ṣe àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ àwọn tí kì í tètè gba àyípadà, ni ó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Lérò tiwa, ohun tí ó ń pinnu ọ̀ràn náà ni bóyá olùdíje tuntun jogún ìkórìíra yẹn tàbí kò jogún rẹ̀.

2. Ibi tí Kansas àti Oklahoma ti jọra

Ọdún 2011 ni Sam Brownback di gómìnà Kansas, tí Mary Fallin sì di ti Oklahoma. Ní 2012, Brownback gé owó-orí kù gidigidi. Owó tí ń wọlé fún ìjọba dín kù, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì padé ṣáájú àsìkò ní 2015. Ní 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, fagi lé òfin náà lójú rẹ̀. Ní Oklahoma, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ di ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ nítorí àìtó owó. Àwọn olùkọ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018.

3. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Kí ìdìbò 2018 tó dé, Brownback ti fi ipò sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, Jeff Colyer. Ìbò 343 péré ni Kris Kobach fi borí Colyer nínú ìdìbò abẹ́lé. Ṣùgbọ́n Kobach náà ń ṣe ìlérí àtigé owó-orí. Ẹni tí ó bíni là á jọ: lójú òǹdìbò, Brownback ni ó tún padà dé. Bill Graves, gómìnà àná tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ṣe àtìlẹ́yìn fún Laura Kelly ti ẹgbẹ́ Democrat. Kelly gba ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún, Kobach gba 43.

Ní Oklahoma, ipò kẹta ni igbákejì Fallin ṣe nínú ìdìbò abẹ́lé. Kevin Stitt, oníṣòwò tí kò dipò òṣèlú mú rí, ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Ó gba ìdá 54. Drew Edmondson gba 42.

4. Àtakò méjì

Ẹnìkan lè wí pé Greg Orman, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ni ó pín ìbò Kobach ní Kansas. Ṣùgbọ́n ní 2014, nígbà tí Orman díje fún ipò sẹ́nétọ̀, olùdíje Democrat ti yẹ̀ fún un. Kò dájú pé ìbò Republican nìkan ni ó mú lọ.

Èkejì ni pé Republican pọ̀ ní Oklahoma ju Kansas lọ. Òótọ́ ni: ní 2016, Donald Trump gba nǹkan bí ìdá 65 ní Oklahoma, ó gba 57 ní Kansas. Síbẹ̀, ó gba ìdá 62 ní Kentucky, níbi tí Gómìnà Matt Bevin, tí ó ti bá àwọn olùkọ́ jà lórí owó ìfẹ̀yìntì, fúnra rẹ̀ tún díje ní 2019. Ó fi ìbò bí 5,000 pàdánù fún Andy Beshear, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú gbogbo ipò márùn-ún yòókù tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò sí lọ́jọ́ náà. Pípọ̀ ẹgbẹ́ nìkan kò tó gba gómìnà là.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹgbẹ́ lè di ìpínlẹ̀ mú bí ó bá fa ẹni tí a kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ gómìnà sí lọ́rùn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ní ewu tirẹ̀. Bí pípààrọ̀ olùdíje bá ti tó láti tu òǹdìbò lójú, ẹgbẹ́ tí ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ọlọ́jọ́ mẹ́rin lè wà lórí àléfà láìjíhìn. Ènìyàn ni òǹdìbò fìyà jẹ. Ẹgbẹ́ ń lọ ní àlàáfíà.