Bí Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ṣe Yan Súkúrúdíráfà fún Àwọn Oníkọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà orí tábìlì lónìí, ì báà jẹ́ ní ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà ní Ìkejà, ì báà jẹ́ ní Tokyo, súkúrúdíráfà onísítáà ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní PH2 ni. Òun ló máa fi tú irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló máa fi tú páwà páàkì, òun náà ló máa fi tú bọ́ọ̀dù tó gbé gbogbo ẹ̀yà yòókù dání. Kí ló dé tó fi jẹ́ sítáà, tí kì í ṣe fúláàtì tí àwọn ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe láyé àtijọ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló yàn án, nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò tíì sí nínú àlá ẹnikẹ́ni.

Súkúrù fúláàtì kò ní ju ilà kan lọ lórí. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ dè é lè fara balẹ̀, kó gbé ẹnu irin sí ojú ilà náà, kó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ rẹpẹtẹ jáde lójúmọ́ kò ráyè irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dè é, ẹnu irin á yọ̀ kúrò lójú ilà, á ha ọ̀dà ọkọ̀, ó sì lè gún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ló ṣe Peter Lymburner Robertson, ará Kánádà tó ń ta irinṣẹ́: irin yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ya á. Ó lọ ṣe súkúrù tí ihò orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní 1909. Súkúrù náà dára gan-an, ilé-iṣẹ́ Ford ní Kánádà sì lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ford fẹ́ ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe máa rọ ọ́, Robertson kọ̀ jálẹ̀. Kánádà ni súkúrù onígun mẹ́rin pọ̀ sí jù títí dòní.

Ti ẹlòmíràn ló gbayé. Ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, John P. Thompson ti ronú súkúrù tó ní àgbélébùú lórí, èyí tí à ń pè ní sítáà, ṣùgbọ́n kò rí ilé-iṣẹ́ tó máa bá a rọ ọ́. Henry F. Phillips, oníṣòwò ará ìlú kan náà, gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Thompson, ó tún un ṣe, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 1936. Kò rọ súkúrù kankan fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń rọ ọ́ ló ń fún láṣẹ, tí wọ́n sì ń sanwó fún un. American Screw Company gbà á, General Motors fi to ọkọ̀ Cadillac ti 1936, nígbà tó sì fi máa di 1940, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń rọ súkúrù ní Amẹ́ríkà ló ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Phillips. Ohun tí Robertson dì mú ṣinṣin ni Phillips fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó rẹ̀.

Ẹ mú onísítáà kan, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ńṣe ló ń tín-ín-rín lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ihò orí súkúrù rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ẹnu irin bá ti kan orí súkúrù, fúnra rẹ̀ ló máa wá àárín rí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n títín-ín-rín yìí kan náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí bí agbára bá ti pọ̀ jù, ẹnu irin á gun òkè jáde nínú ihò, á sì máa jẹ orí súkúrù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Phillips mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí súkúrù má baà le jù. Ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti 1936 kò sọ bẹ́ẹ̀. Àléébù ni, àléébù náà ló sì ń ba orí súkúrù láǹtọ́ọ̀pù jẹ́ jù lọ nínú gbogbo ìṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀.

Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ 1981, orí onígun mẹ́fà tó ní ilà fúláàtì ni súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ ní. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe ń ṣe irú rẹ̀ ni sítáà ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 6-32 kò kúrò níbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀yà mìíràn tẹ̀ lé ìwọ̀n mìlímítà tí wọ́n ń pè ní M3. Bí oríṣi méjì ṣe ń bára wọn gbé nínú àpótí kan náà nìyẹn. Háàdì díìsìkì ńlá àti ara àpótí ń lo 6-32, SSD kékeré àti ẹ̀rọ CD ń lo M3. Ẹ fi méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́: 6-32 nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ààbọ̀, àlàfo àárín okùn rẹ̀ sì fẹ̀, okùn M3 há, ó sì sún mọ́ra. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì dá wọn mọ̀ ni kò yẹ kí a fún ní súkúrúdíráfà oníná, torí á fi tipátipá dé 6-32 wọ ihò M3, okùn ihò náà á sì parẹ́.

Japan ní sítáà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní JIS, tó jọ ti Phillips débi pé ojú lásán kì í yà wọ́n. Àmì tóótòtó kan ló sábà máa ń wà lórí súkúrù wọn. Ẹni tó bá rí àmì yẹn kó wá súkúrúdíráfà JIS, torí ti Phillips á kàn máa gùn ún ni.

Torx ló wá tún àléébù sítáà ṣe. Ilé-iṣẹ́ Camcar ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1967. Ó ní ẹnu mẹ́fà, ògiri ihò rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, kò sí ohun tó ń ti irin sókè. Compaq lò ó nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Macintosh àkọ́kọ́ ti 1984 náà lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ri méjì nínú rẹ̀ bọ inú kòtò lábẹ́ ibi ìfọwọ́mú, tó jẹ́ pé súkúrúdíráfà Torx T15 ọlọ́rùn gígùn nìkan ló lè dé ibẹ̀. Èmi fẹ́ràn Torx. Ṣùgbọ́n kòtò yẹn ni mo ti rí ìgbà àkọ́kọ́ tí súkúrù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹni tó ra ẹ̀rọ síta.

Ní 2009, Apple gbé súkúrù pentalobe, ẹlẹ́nu márùn-ún, sórí bátìrì MacBook Pro, ó sì dé ara iPhone 4 lẹ́yìn náà. Kò sí súkúrúdíráfà rẹ̀ lọ́jà nígbà náà. Mi ò rí àǹfààní kankan tí ẹnu márùn-ún fi ju ẹnu mẹ́fà lọ, àfi pé ẹni tó ra ẹ̀rọ kò ní lè ṣí i. iFixit, ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ tí Kyle Wiens àti Luke Soules dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 2003 nígbà tí wọ́n ṣì wà ní yunifásítì, pariwo ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù kìíní 2011, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irin tó lè tú u. Lónìí, P5, ìwọ̀n pentalobe tó ń ṣí MacBook, wà lórí àtẹ ní Ìkejà.

Nítorí náà, ẹni tó ń ra irinṣẹ́, orí súkúrù ni kó wò kó tó wo àpótí tó kún fún ọgọ́rùn-ún ẹnu irin. PH2 ọlọ́rùn gígùn tó bọ́ sí ọwọ́ dáadáa ni fún ti orí tábìlì. Fún láǹtọ́ọ̀pù, PH1, PH0 àti PH00, kí T5 àti T8 tẹ̀ lé e, kí P5 sì wà níbẹ̀ bí Mac bá ń wọlé. Ẹ má kàn wo ẹnu irin lásán, ẹ fi dán súkúrù wò ṣáájú: ẹ tì í bọ orí rẹ̀, kí ẹ sì mi ọwọ́. Bó bá ń jó nínú ihò, ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Irin tí etí ẹnu rẹ̀ bá ti ń yí roboto, ẹ sọ ọ́ nù, torí owó súkúrúdíráfà tuntun kò tó owó láǹtọ́ọ̀pù kọ́sítọ́mà. Ẹ má sì bẹ̀rù òòfà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ayé fúlọ́pì díìsìkì ni ìbẹ̀rù yẹn ti wá. Òòfà kékeré yẹn kò lè ṣe SSD ní nǹkan kan, òun ni kò sì ní jẹ́ kí súkúrù já bọ́ sórí bọ́ọ̀dù.

Ìyípadà ti ń dé báyìí. Láti 2021 ni ilé-iṣẹ́ Framework ti ń ta láǹtọ́ọ̀pù tí súkúrúdíráfà rẹ̀ wà nínú páálí, T5 kan ṣoṣo sì tó láti ṣí i. Oregon, ìpínlẹ̀ Phillips gan-an, ṣòfin ní 2024 pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ máa fi kọ́ọ̀dù dènà ẹ̀yà tí ẹlòmíràn pààrọ̀. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 2027: bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ra ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà lọ́jà, bó bá sì jẹ́ àkànṣe irinṣẹ́ ló gbà, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi í kún ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìkejà ti ń wá, èyí tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ òfin náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ wa bẹ́ẹ̀.