Ẹ Máa Kọ Ìwé Oògùn Kòkòrò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó rántí Gammalin 20, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó ní àtijọ́. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ pé lindane a máa fa àrùn náà. Ẹni tí ó fín in ní ìgbà èwe rẹ̀ ti di àgbàlagbà. Bí àìsàn bá kọlù ú lónìí, ta ni yóò jẹ́rìí iye ọdún tí ó fi fín in?

Nítorí irú èyí ni òfin Amẹ́ríkà ṣe pàṣẹ pé kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ pa àkọsílẹ̀ oògùn olóró tí ó kan òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ fún 30 ọdún, kí ó sì fi hàn án bí ó bá bèèrè. Òfin náà kò dè wá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ yẹ wá.

Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́, oko tí ó fín, orúkọ oògùn bí ó ti wà lára agolo, ìwọ̀n rẹ̀, àti bí ara rẹ̀ ti rí lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ń fi hóró oògùn sí sítọ́ọ̀, phosphine tí ń jáde lára rẹ̀ lè pani kíákíá. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti wákàtí tí ẹ ṣí i.

Bí lébìrà bá ń padà sí ìlú rẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ọ̀gá lè kú, òṣìṣẹ́ lè gbàgbé. Ìwé ni yóò sọ̀rọ̀.