Fíìmù tí ará Jámánì ṣe ní Tógò: orúkọ àwọn tiwa dà?

Lálẹ́ ọjọ́ kan níbí ní Atakpamé, àwa mẹ́rin kóra jọ sídìí fóònù kan, a ń wo fíìmù Japan tí wọ́n ń pè ní Perfect Days. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hirayama ni ìtàn náà dá lé lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba ní Tokyo. Á jí láàárọ̀, á wọ́n omi sí àwọn igi kéékèèké rẹ̀, á ra kọfí, á wọ mọ́tò, á gba ibi iṣẹ́ lọ. Fíìmù náà lé ní wákàtí méjì, kò sí ẹni tó yìnbọn, kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta aṣọ lọ́jà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun máa sùn lọ. Kò sùn.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ẹni tó darí fíìmù náà kì í ṣe ọmọ Japan. Wim Wenders ni orúkọ rẹ̀, ìlú Düsseldorf ní Jámánì ni wọ́n sì ti bí i lọ́dún 1945. Síbẹ̀, èdè Japan ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, ọmọ Japan kan, Takuma Takasaki, ni òun àti Wenders jọ kọ ìtàn rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà ló sì ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 17 tó rẹwà sí àdúgbò Shibuya, wọ́n wá fẹ́ kó ya fíìmù kúkúrú nípa wọn. Wenders ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìtàn gidi. Koji Yakusho tó ṣe Hirayama gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó dára jù lọ ní Cannes ní 2023. Ìjọba Jámánì kọ́ ló fi fíìmù náà ránṣẹ́ síbi ìdíje Oscar, orílẹ̀-èdè Japan ló fi í ṣe tirẹ̀. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ rí fún fíìmù tí àlejò darí.

Nígbà tó parí, ẹnì kan bi wá pé: ṣé òyìnbó kankan ti wá ṣe irú eré báyìí lọ́dọ̀ tiwa rí?

Wọ́n ti ṣe é. Ará Jámánì náà ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Hans Schomburgk lorúkọ rẹ̀, ará Hamburg ni, ọdẹ tó tún ń rìnrìn àjò kiri. Òun ló mú erinmi kékeré inú igbó Làìbéríà, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹlẹ́dẹ̀ ńlá lọ, láàyè dé Jámánì. Ní 1913, ó gúnlẹ̀ sí Lomé pẹ̀lú òṣèrébìnrin kan, Meg Gehrts, àti ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Hodgson, tó ń yí kámẹ́rà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìlú mọ̀ pé ojú irin tí àwọn Jámánì tẹ́ láti Lomé kò kọjá Agbonou. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹsẹ̀ àti ẹṣin ló kù. Orí àwọn alábàárù ni àgọ́, oúnjẹ, kámẹ́rà àti àpótí fíìmù gbà dé Sokodé, títí dé Mango.

Eré tó lókìkí jù nínú ohun tí wọ́n yà ni èyí tí wọ́n pè ní Òrìṣà Funfun Àwọn Wangora. Ìtàn ọmọ òyìnbó kan ni, tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbà tọ́ dàgbà, tí wọ́n sì ń bọ bí òrìṣà, títí tí òyìnbó ọkùnrin kan fi dé tí àwọn méjèèjì sá lọ. Gehrts ni òrìṣà náà. Àwọn ará ìlú ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń forí balẹ̀. Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí a wà ní Atakpamé, bí ẹ bá pe òrìṣà funfun létí wa, Ọbàtálá là ń rò, kì í ṣe ọmọge láti Hamburg.

Ẹ má ṣe rò pé a kàn fẹ́ bú wọn. Nínú ẹrù kan náà ni wọ́n kó àwòrán mìíràn, tí wọ́n yà láìfi ìtàn kankan kún un: òwú rírán, ìkòkò mímọ, àti bí wọ́n ṣe ń yọ irin nínú òkúta ní Banjeli. Irin ilẹ̀ Bassar yìí ni wọ́n ń fi rọ ọkọ́ tí àwọn oníṣòwò ń gbé kiri nígbà náà, kí irin òyìnbó tó pa á. Lójú tiwa, iná Banjeli yẹn níye lórí ju òrìṣà wọn lọ. Schomburgk fúnra rẹ̀, bóyá eré ló kà sí ọjà, tó sì ka ìyẹn sí ẹ̀ẹ́nì.

Ní 1915, Gehrts tẹ ìwé jáde ní London nípa ìrìn àjò náà. Nígbà yẹn, Tógò ti bọ́ lọ́wọ́ Jámánì. Ilé iṣẹ́ wáyálẹ́sì ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Kamina nígbà tí àwọn eléré kọjá, èyí tó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀, àwọn Jámánì fúnra wọn ló fọ́ ọ ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 1914. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Torí náà, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń wo òrìṣà funfun nílé sinimá, ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́ ni wọ́n ń wò.

Orúkọ Gehrts wà lára ìwé, ti Schomburgk wà lára fíìmù. Àwọn tó gun ẹṣin, àwọn tó forí balẹ̀, àwọn tó ru kámẹ́rà lọ tó ru ú bọ̀, èrò ẹ̀yìn lásán ni wọ́n. Ní Tokyo, ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni olórí eré. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dùn wá, kì í ṣe pé àlejò ló di kámẹ́rà mú.

Ará Jámánì mìíràn, Jürgen Ellinghaus, tún gba ọ̀nà kan náà láìpẹ́ yìí. Ó kó àwọn àwòrán àtijọ́ náà padà wá, ó fi wọ́n han àwọn ará ìlú tí Schomburgk gbà kọjá, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Fíìmù tó fi ìyẹn ṣe, Togoland Projektionen, jáde ní 2023. Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó dé.

Nísinsìnyí, a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá ní Agbonou, ní Kamina àti ní àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Sokodé. Bí bàbá ńlá yín bá wà lára àwọn tó ru ẹrù fún àwọn Jámánì láyé ìgbà yẹn, tí ìyá àgbà kan bá ṣì ń sọ ọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Orúkọ la kọ́kọ́ fẹ́.