Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àlgéríà Ti Ń Ta Gáàsì Láàárín Ìjà Aládùúgbò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí gáàsì ìdáná bá tán mọ́ ìyá ilé lọ́wọ́ ní àkókò sààrì, tí oúnjẹ kò sì tíì jinná, ta ni yóò ké sí? Aládùúgbò ni. Bí òun àti aládùúgbò náà kò bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé àárín àgbàlá aládùúgbò yìí gan-an ni ọ̀nà tí gáàsì ń gbà dé ilé rẹ̀ wà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé kì í ṣe ilé méjì ni ó kàn, orílẹ̀-èdè ni. Àlgéríà ni ó ń ta gáàsì, Mòrókò ni aládùúgbò rẹ̀, Spéìn àti Ítálì sì ni oníbàárà tí ń dúró ní òdìkejì òkun.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé gáàsì ń mú owó wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé kì í ṣe ọjà tí a lè gbé karí, kí a sì kiri rẹ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn bí ti àná kò bá tà. Ẹni tí ó bá ri ọ̀pá gáàsì mọ́lẹ̀ ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí ọ̀pá náà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ń rà á, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín síra wọn, ọ̀pá náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jà, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

BÍ ỌJÀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1956, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lórí Àlgéríà, ni wọ́n rí gáàsì púpọ̀ ní Hassi R'Mel, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Àlgéríà gba òmìnira ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1962, lẹ́yìn ogun tí ó lé ní ọdún méje. Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣòwò bẹ́ẹ̀ rí: ní Arzew, létí òkun, wọ́n sọ gáàsì di omi, wọ́n rọ ọ́ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Methane Princess, ọkọ̀ náà sì gbé e dé Ìlú Ọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1964.

Ẹ lè béèrè pé báwo ni gáàsì ṣe ń di omi. Òtútù ni. Bí wọ́n bá mú un tutù títí tí ó fi fi 162 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, yóò di omi, ohun tí ó ń gba àyè 600 tẹ́lẹ̀ yóò sì máa gba àyè ẹyọ kan péré. Ọkọ̀ lè gbé e lọ sí ibikíbi nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni a fi ń ṣe é, nítorí náà bí oníbàárà bá wà nítòsí, ọ̀pá ni ó rọrùn jù.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1971, Ààrẹ Houari Boumediene kéde pé kànga gáàsì àti ọ̀pá gáàsì gbogbo ti di ti ìjọba. Láti ìgbà náà ni Sonatrach, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1963, ti di agbára tí Àlgéríà fi ń bá ayé sọ̀rọ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n kọ́kọ́ rì lọ sí Yúróòpù gba inú Tùnísíà, ó wọ inú òkun, ó sì yọ sí Sísílì ní Ítálì. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1981, ṣùgbọ́n òfìfo ni ó wà títí di ọdún 1983, nítorí pé ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà kò tíì gbà lórí iye owó. Ẹ rí i pé ọ̀pá tí ó ti ná wọn ní owó rẹpẹtẹ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi jókòó tí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Orúkọ Enrico Mattei, ará Ítálì tí ó dá ilé iṣẹ́ epo Eni sílẹ̀, ni wọ́n fi pe ọ̀pá yìí, nítorí ó gbè lẹ́yìn àwọn ará Àlgéríà nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira. Ọdún 1962 ni Mattei kú, ṣùgbọ́n àwọn ará Àlgéríà kò gbàgbé oore.

ONÍBODÈ

Ọ̀pá kejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí jù. Ó gbéra láti Hassi R'Mel, ó rin 540 kìlómítà nínú ilẹ̀ Mòrókò, ó gba abẹ́ òkun ní Gibraltar, ó sì dé Spéìn àti Pọ́túgàl. Ọdún 1996 ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn baba wa ti ń san owó ibodè kí wọ́n tó gbé ẹrù kọjá ní ìlú onílùú. Mòrókò náà di oníbodè. Ó ń gba owó ibodè rẹ̀, ó sì ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ ní gáàsì. Gáàsì yìí ni wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná méjì, ní Tahaddart àti Aïn Beni Mathar, tí ó ń pèsè nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń lò.

Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lóòótọ́ Mùsùlùmí ni wọ́n, gábàsì kan náà ni wọ́n ń kọjú sí kírun, èdè wọn kò sì jìnnà síra. Síbẹ̀ wọ́n ti bá ara wọn jagun nítorí ààlà ní ọdún 1963. Lẹ́yìn tí Spéìn fi Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà sílẹ̀ ní ọdún 1976, Mòrókò ní òun ni ó ni ilẹ̀ náà, Àlgéríà sì gbè lẹ́yìn àwọn Polisario tí ń béèrè òmìnira. Ní ọdún 1994 wọ́n ti ẹnu ibodè orí ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn pa. Àwọn ìbátan tí ààlà pín sí méjì kò lè gba ọ̀nà ilẹ̀ kí ara wọn mọ́.

Ẹ wá wo ìyanu yìí: ọdún 1994 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọdún 1996 ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà kọjá. Ọdún 25 gbáko ni ohun tí ènìyàn kò lè ṣe fi ṣeé ṣe fún gáàsì. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó fà á. Àǹfààní ni, àti àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ Ọ̀PÁ NÁÀ GBẸ

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Àlgéríà kéde pé òun kò ní bá Mòrókò ṣe mọ́. Kò tíì tó oṣù mẹ́ta sí i tí àdéhùn ọ̀pá náà yóò fi pé. Gbogbo ayé ń wò ó bóyá wọn yóò sé e lójú ẹsẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí àdéhùn parí, Ààrẹ Abdelmadjid Tebboune sì pàṣẹ pé kí Sonatrach má ṣe tún un ṣe. Ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà ni ọ̀pá gbẹ.

Kí ló fún Àlgéríà ní ìgboyà? Ọ̀nà mìíràn ni. Láti ọdún 2011 ni ọ̀pá kẹta, tí wọ́n ń pè ní Medgaz, ti wà. Ó gbéra ní Béni Saf létí òkun Àlgéríà, ó sì lọ tààrà dé Almería ní Spéìn, 210 kìlómítà lábẹ́ omi tí ó jìn ju 2,000 mítà lọ. Kò sí oníbodè kankan lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi sì tún wà. Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àlgéríà ti fi owó ra ọ̀nà mìíràn kí ìjà tó dé.

Mòrókò náà kò ká ọwọ́ gbera. Ìjọba rẹ̀ sọ pé àìsí gáàsì náà kò pa iná lára púpọ̀, wọ́n sì wá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ra gáàsì olómi lọ́jà àgbáyé, ọkọ̀ gbé e dé Spéìn, wọ́n sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ padà níbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2022 sì ni ọ̀pá àtijọ́ náà gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá sí Mòrókò. Omi ọ̀pá náà yí padà: ohun tí ó ń lọ sókè tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàn bọ̀ sísàlẹ̀. Àlgéríà sì kìlọ̀ fún Spéìn pé bí ẹyọ kan nínú gáàsì òun bá wọ Mòrókò, àdéhùn ti bàjẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÌJÀ DÉ ỌWỌ́ ONÍBÀÁRÀ

Ìjà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Spéìn yí ohùn padà lórí Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, ó gbè lẹ́yìn ètò tí Mòrókò gbé kalẹ̀. Inú bí Àlgéríà. Ó pe aṣojú rẹ̀ padà wá sílé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ó dá àdéhùn ọ̀rẹ́ ogún ọdún tí ó wà láàárín wọn dúró, òwò tí àwọn oníṣòwò Spéìn ń bá Àlgéríà ṣe sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ọdún 2024 ni ilẹ̀kùn òwò náà tó ṣí padà.

Ṣùgbọ́n gáàsì ńkọ́? Gáàsì kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Wọ́n jà lórí owó, wọ́n sì fi kún un, ṣùgbọ́n wọn kò sé ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kí a ro ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2021, ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún gáàsì Spéìn lọ tí ó ti Àlgéríà wá. Ní ọdún 2022, Amẹ́ríkà gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú gáàsì olómi, ó sì di ọdún 2023 kí Àlgéríà tó gbà á padà. Oníbàárà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í pẹ́ mọ ilé ẹlòmíràn. Lọ́dún 2022 kan náà, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì lé Yúróòpù kúrò lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, ojúlé Àlgéríà ni Mario Draghi, olórí ìjọba Ítálì nígbà náà, gbà lọ ní oṣù kẹrin láti béèrè gáàsì sí i. Kí ọdún tó parí, Àlgéríà ti di ẹni tí ń ta gáàsì jù fún Ítálì. Orúkọ rere ni wọ́n fi gba ọjà náà. Ta ni yóò lọ bá ẹni tí ó máa ń sé ọ̀pá nígbà tí inú bá bí i?

Ohun kan ṣoṣo ni ó lè ba orúkọ náà jẹ́ láìsí ìjà, ilé ni ó sì wà. Àwọn ará Àlgéríà ti lé ní mílíọ̀nù 45. Gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná mànàmáná wọn, ìjọba sì ń tà á fún wọn ní owó pọ́ọ́kú. Nǹkan bí ìdajì gáàsì tí ó ń jáde ni wọ́n ń lò nílé. Bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i, tí ooru sì ń mú kí ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ sí i, ìlérí tí wọ́n ṣe fún oníbàárà àti ìkòkò tí ó wà lórí iná ìyá ilé yóò máa du gáàsì kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Ó kàn wá púpọ̀. Àwa náà ní ọ̀pá tí ó gbéra ní Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó gba Àgbádárìgì wọ òkun, tí ó sì lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi, 678 kìlómítà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ba á jẹ́ nítòsí Lomé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí gáàsì tó tún dé Gánà. Àwọn ará Gánà jókòó sínú òkùnkùn nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní omi ẹlòmíràn.

Ẹ óò sì ti gbọ́ nípa ọ̀pá kan tí wọ́n fẹ́ rì láti Nàìjíríà, kọjá ní Nìjẹ̀r, dé Àlgéríà, tí gígùn rẹ̀ yóò lé ní 4,000 kìlómítà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé ní Àbújá ní ọdún 2009, wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn ní ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún 2023 àwọn sójà gba ìjọba ní Nìjẹ̀r. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Nìjẹ̀r, Málì àti Burkina Faso pe aṣojú wọn kúrò ní Àlgéríà nítorí ọkọ̀ òfuurufú aláìlẹ́nìkan ti Málì tí Àlgéríà já lulẹ̀. Mòrókò náà sì ti ń bá Nàìjíríà sọ̀rọ̀ láti ọdún 2016 lórí ọ̀pá mìíràn tí yóò gba etí òkun. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, gáàsì kan kò tíì gba èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì dé Yúróòpù. Àwọn méjì tí ń bá ara wọn jà ni ó ń na ọwọ́ sí gáàsì wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ lórí rédíò pé àwọn mínísítà ti fọwọ́ sí ìwé lórí ọ̀pá gáàsì, ẹ má ṣe béèrè iye bílíọ̀nù dọ́là nìkan. Ẹ béèrè pé: ta ni oníbodè, kí ni yóò sì rí jẹ tí kò fi ní jẹ́ kí ọ̀pá náà bàjẹ́? Bí ìjà bá dé, ṣé a óò bọ̀wọ̀ fún àdéhùn títí yóò fi pé? Ọ̀nà kejì wo ni a ti là sílẹ̀? Kí ẹ tó sùn, ẹ fi ìbéèrè kẹrin kún un, nítorí pé inú ilé yín ni ìdáhùn rẹ̀ wà: lẹ́yìn tí gbogbo oníbàárà bá ti gba tiwọn, mélòó ni yóò kù fún ìdáná wa?