Ojú Kọ̀ǹpútà Méjì fún Iṣẹ́ Àdàkọ Ìwé

Ẹni tí ó bá ti da ìwé kọ rí láti inú àkọtọ́ Nàìjíríà sí àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ mọ ìyọnu tí ó wà níbẹ̀. A ó ka ìlà kan, a ó ti ojú-ewé náà sẹ́yìn kí a tó rí ibi tí a ó kọ ọ́ sí. Kí a tó dé ibẹ̀, àmì ohùn kan ti bọ́ sọnù lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní ọṣẹ́ ní Ìbàdàn, ɔshɛ́ ni yóò jẹ́ ní Kétu. Bí àmì òkè yẹn bá bọ́, ìpalára ti di ohun ìfọṣọ.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí síso ojú méjì mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kì í ṣe ohun tuntun: Macintosh II ń ṣe é ní 1987, Windows 98 sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lo Windows ní 1998. Ṣùgbọ́n ètò tí ń pín iṣẹ́ sí ojú méjèèjì ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P. Ẹ̀rọ yóò béèrè bóyá kí ojú kejì jẹ́ àwòkọ èkíní, tàbí àfikún rẹ̀. Àwòkọ dára fún olùkọ́ tí ń fi ẹ̀kọ́ han kíláàsì. Ẹni tí ń fi ìwé méjì wéra, àfikún ni kí ó mú.

Ẹ jẹ́ kí á pe àyè tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń ṣí sí ní fèrèsé. Láti ìgbà Windows 7, ní 2009, bí a bá tẹ Windows, Shift àti ọfà ọ̀tún tàbí òsì pọ̀, fèrèsé tí a ń lò yóò fò lọ sí ojú kejì. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba PowerToys, tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. FancyZones wà nínú rẹ̀: a ó fi ààlà pín ojú kọ̀ọ̀kan bí ẹni pín oko, bí a bá ń wọ́ fèrèsé lọ tí a sì di Shift mú, yóò bọ́ sínú ààlà tí a yàn fún un, yóò sì kún un. Ìwé àtijọ́ ní òsì, àdàkọ ní ọ̀tún, ìwé atúmọ̀ èdè ní ìsàlẹ̀. Àwọn ètò títà wà, irú DisplayFusion, ṣùgbọ́n lójú tiwa, èyí tó.

Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ojú kejì, ṣùgbọ́n tí ó ní kọ̀ǹpútà mìíràn ní igun yàrá, lè lo Mouse Without Borders, tí ó wà nínú PowerToys kan náà, bí Windows orí ẹ̀rọ náà kò bá ti gbó jù. Màáùsì kan yóò máa darí kọ̀ǹpútà títí dé mẹ́rin.

Bí iná bá lọ, bátìrì lè gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ró, ṣùgbọ́n ojú kejì yóò kú. Nígbà mìíràn fèrèsé á há sí ojú tí ó kú náà, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ á sì rò pé iṣẹ́ òun ti ṣòfò. Kò ṣòfò rárá. Windows, Shift àti ọfà yóò tún dá a padà.

Ojú méjèèjì kì í sábà mọ́ dọ́gba. Lórí èyí tí kò mọ́, àmì abẹ́ ẹ àti ọ a máa pòórá mọ́ ìdí lẹ́tà. Nítorí náà, ojú tí ó mọ́ jù ni kí á fi ìwé tí a ń dà kọ sí.