Ẹ̀rọ BVAS
Ike, gíláàsì àti irin. Irú èyí tí INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, lò ní Port Harcourt, 2023.

Ẹ̀rọ àfọwọ́mú yìí ni INEC fi ń dá olùdìbò mọ̀, yálà nípa ìka tàbí ojú. Ọdún 2021 ló kọ́kọ́ dé ibi ìdìbò, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí Port Harcourt wà, nìkan, ibùdó ìdìbò 6,866 ló wà.

Tí wọ́n bá ka ìbò tán, òṣìṣẹ́ á fi ẹ̀rọ kan náà ya fọ́tò ìwé èsì, á sì fi í ránṣẹ́ sí IReV, ojúlé tí INEC fi ń ṣàfihàn èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣàn ń retí nìyẹn: kí wọ́n gbé ìwé náà sójú amóhùnmáwòrán, kí ará ilé fojú ara rẹ̀ kà á. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, fọ́tò èsì ìbò ààrẹ kò tètè dé. INEC ní ẹ̀rọ ló dà á rú.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, BBC ṣe ìṣirò ìbò inú àwọn fọ́tò náà. Ní Obio/Akpor, níbi tí apá kan ìgboro Port Harcourt wà, iye inú ìwé kò bá iye tí wọ́n kéde mu.

Ẹ wo ojú kámẹ́rà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló ń ya ojú olùdìbò, òun náà ló ń ya ìwé èsì. Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá gbọ̀n, nọ́ńbà á ṣe bàìbàì.